Mòríńgà, Chaya, Tẹ̀tẹ̀ Tàbí Ewé Ọ̀dùnkún: Èwo Ni Kí Ẹ Gbìn Nítorí Ọmọ?

Ẹni tó bá ń wá ewé tí yóò gbìn kí ọmọ má bàa rù, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbọ́ orúkọ mòríńgà. Wọn á ní ó ju ọsàn lọ, ó ju kárọ́ọ̀tì lọ, ó ju wàrà lọ. Ọ̀rọ̀ náà ti tàn débi pé ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé kò sí ohun tó kù láti bi: ẹ ṣáà gbin mòríńgà, ọmọ á sanra. Mo fẹ́ràn igi yìí gan-an, ó sì wà lẹ́yìnkùlé mi. Ṣùgbọ́n mo ti rí ilé tí mòríńgà dúró sẹ́nu ọ̀nà wọn tí ewé rẹ̀ kò dé inú àwo ọmọ rí. Mo sì ti rí ilé tí ọmọ ń jẹ tẹ̀tẹ̀ lásán lójoojúmọ́, tí ara rẹ̀ ń dán. Lójú tèmi, ewé tó dára jù ni èyí tó máa wà nínú ìkòkò lójoojúmọ́, títí kan ìgbà tí ilẹ̀ bá gbẹ, tí ọmọ á sì gbé mì. Òṣùwọ̀n tí mo fẹ́ fi wọn àwọn ewé yìí nìyẹn.

Kí ẹ tó gbé ọkọ́

Ọmọ tó ti rù kọjá ààlà kò gbọ́dọ̀ dúró de ewé. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní téèpù kan tí wọ́n fi ń wọn apá òkè ọmọ tó wà láàárín oṣù 6 sí oṣù 59. Bí apá náà kò bá tó 115 mìlímítà, ojú pupa ni téèpù á bọ́ sí, àìjẹunrekánú tó le gan-an sì ni. Láti 115 títí dé ibi tí kò tó 125, ojú yẹ́lò ni, ọmọ náà nílò ìtọ́jú kíákíá. Bí ẹsẹ̀ ọmọ méjèèjì bá wú, tí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ tí ojú ibẹ̀ sì jin kòtò, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Oúnjẹ ìwòsàn ni yóò gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ là. Ọbẹ̀ ewé kò lè ṣe é. Bákan náà ni ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà: ọmú ìyá nìkan ló tọ́ sí i. Ìyá rẹ̀ ni kó máa jẹ ewé tí ẹ bá gbìn.

Ṣùgbọ́n àìjẹunrekánú mìíràn wà tí kì í pariwo. Ọmọ á máa ṣeré, á máa rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò ga bí ẹgbẹ́ rẹ̀, ikọ́ kì í wọ́n lọ́rùn rẹ̀, inú ojú rẹ̀ funfun ju bó ṣe yẹ lọ. Nínú ìṣirò tí UNICEF, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Báńkì Àgbáyé jọ ṣe fún ọdún 2022, ọmọ mílíọ̀nù 148 tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló kúrú ju ọjọ́ orí wọn lọ, nígbà tí mílíọ̀nù 45 rù ju bó ṣe yẹ lọ. Láàárín ìgbà tí oyún dúró sí ìgbà tí ọmọ pé ọdún méjì, nǹkan bí 1,000 ọjọ́, ni ọ̀pọ̀ nínú kíkúrú yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Inú 1,000 ọjọ́ yìí ni ọgbà ẹ̀yìnkùlé ti lè ṣiṣẹ́ tó hàn.

Ohun tí mo máa ń wò

Ọ̀gbẹlẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò. Ìgbà tí ebi ń pa ọmọ jù ni ìgbà tí oúnjẹ inú àká ti ń tán lọ, tí irè tuntun kò sì tíì jáde. Ewé tó bá gbẹ lásìkò yẹn ti já wa kulẹ̀, bó ti wù kó lóore tó. Lẹ́yìn náà ni mo ń wo iye ìgbà tí yóò gbà kí a tó ká ewé àkọ́kọ́, torí ọmọ ọlọ́dún kan kò lè dúró de igi fún ọdún méjì. Mo tún ń wo iṣẹ́ tó wà lórí sísè rẹ̀: ṣé májèlé wà nínú rẹ̀, igi ìdáná mélòó ló máa jẹ, ta ni yóò dúró tì í? Ẹnu ọmọ náà kò ṣe é fojú fò. Ewé kíkorò, ewé líle, ewé olókùn, ọmọ á tutọ́ rẹ̀ dànù ni. Owó irúgbìn kì í sábà pọ̀ lórí àwọn ewé yìí. Ohun tó ń wọ́n ni omi, ààyè, àti àkókò ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, tó sábà máa ń jẹ́ àkókò ìyá.

Èròjà aṣaralóore ni mo fi ṣe ìkẹyìn, torí ibẹ̀ ni nọ́ńbà ti ń tan ènìyàn jẹ jù. Ọ̀pọ̀ nínú ìfiwéra tí wọ́n ń gbé kiri, ìyẹ̀fun ewé tó ti gbẹ ni wọ́n fi wé wàrà tó jẹ́ pé omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ohunkóhun tí omi bá ti kúrò lára rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ á ga. Nínú 100 gíráàmù ìyẹ̀fun mòríńgà, purotéènì tó wà níbẹ̀ tó nǹkan bí gíráàmù 25. Ó pọ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ọmọ wo ló ń jẹ 100 gíráàmù ìyẹ̀fun? Ṣíbí kékeré kan tí a fi ń po tíì kò ju gíráàmù méjì tàbí mẹ́ta lọ, purotéènì inú rẹ̀ kò sì pé gíráàmù kan. Ọmọ ọdún kan sí mẹ́ta nílò nǹkan bí gíráàmù 13 lójúmọ́. Ṣíbí ewé kò lè gbé ẹrù ẹ̀wà, ẹyin, ẹja tàbí ẹ̀pà.

Ẹ tún wo ikùn ọmọ fúnra rẹ̀. Ikùn ọmọ kékeré máa ń gba nǹkan bí mílílítà 30 fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n. Ọmọ tó wọn kílò mẹ́jọ, ife kan kékeré báyìí ni ààyè tó ní lẹ́ẹ̀kan. 100 gíráàmù ewé tẹ̀tẹ̀ tútù kò fún ara ní ju nǹkan bí kálórì 23 lọ, ti mòríńgà jẹ́ nǹkan bí 64. Bí ẹ bá fi ewé dí ikùn yẹn, oúnjẹ tó ń fúnni lágbára kò ní ríbi wọ̀ sí. Iṣẹ́ ewé ni láti mú fítámì A, irin, kálísíọ́mù àti fítámì C wá sínú oúnjẹ tí ọmọ ti ń jẹ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀kúnwọ́ kékeré, lójoojúmọ́, ó tó.

Mòríńgà

Ẹsẹ̀ àwọn òkè Himalaya ní àríwá Íńdíà ni igi yìí ti ṣẹ̀ wá, ilẹ̀ gbígbóná káàkiri ayé ló sì ti gbà á. Orúkọ tó ní lórí ọ̀rọ̀ àìjẹunrekánú kò ṣàdédé wá: ní ìparí àwọn ọdún 1990, àjọ Church World Service lo ìyẹ̀fun ewé rẹ̀ fún àwọn aláboyún àti ọmọdé ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Senegal, ìròyìn rẹ̀ sì tàn kálẹ̀ láti ibẹ̀.

Gbòǹgbò rẹ̀ máa ń wú bí isu nínú ilẹ̀, inú rẹ̀ ló ń kó omi pamọ́ sí. Ìdí nìyẹn tí oòrùn fi ń pa igbó tó yí i ká tí òun á ṣì dúró. Ẹ gbin kóró rẹ̀ ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà méjì sínú ilẹ̀, á yọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ẹ lè fi igi rẹ̀ tí a gé gbìn ín náà, àmọ́ èyí tó bá ti inú kóró hù ni gbòǹgbò rẹ̀ ń wọlẹ̀ jinlẹ̀ jù, òun ló sì ń fara da ọ̀dá jù. Ibi tó máa wà títí ayé ni kí ẹ ti gbìn ín, torí gbòǹgbò àárín rẹ̀ kì í fẹ́ kí a ṣí òun nípò.

Láàárín ọdún kan, ó lè ga tó mítà mẹ́ta, gíga yẹn gan-an ló sì ń dá wàhálà sílẹ̀. Ènìyàn á fi í sílẹ̀ kó máa lọ sókè, kó tó mọ̀, gbogbo ewé ti wà níbi tí ọwọ́ ìyá ọlọ́mọ kò tó. Ilé tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn nìyẹn. Igi wọn ga ju òrùlé lọ, ẹyẹ ló ń jẹ òdòdó rẹ̀. Ẹ gé orí mòríńgà nígbà tó bá tó ìbàdí yín. Ojú ibi tí ẹ gé ni ẹ̀ka mẹ́rin tàbí márùn-ún á ti yọ. Ní gbogbo ìgbà tó bá tún fẹ́ sá lọ sókè, ẹ gé e padà sí nǹkan bí mítà kan. Láti oṣù méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn tó hù ni ẹ ti lè máa ká ewé rẹ̀.

Omi tó dúró ni ọ̀tá rẹ̀. Mo kọ́ ẹ̀kọ́ yìí pẹ̀lú ìbànújẹ́. Mẹ́ta ni mo gbìn sí ìsàlẹ̀ ọgbà, níbi tí omi òrùlé ń ṣàn sí, èrò mi ni pé wọ́n á rí omi mu dáadáa. Òjò ńlá kan rọ̀, omi dúró sídìí wọn fún ọjọ́ mélòó kan. Ewé wọn kọ́kọ́ pọ́n, lẹ́yìn náà ló wọ́. Nígbà tí mo fa ọ̀kan tu, gbòǹgbò rẹ̀ rọ̀ bí isu jíjẹrà, ó ń rùn. Láti ìgbà náà, orí ebè gíga ni mo ń gbìn ín sí. Òtútù tó le débi tí omi ń dì á máa pa ẹ̀ka rẹ̀ pẹ̀lú. Ní ti ọ̀gbẹlẹ̀ gígùn, kì í sábà pa á, ṣùgbọ́n ó lè mú kó wọ́wé, kó ku igi lásán. Omi tí ẹ fi ṣan ẹ̀fọ́ tàbí ìrẹsì, bí ẹ bá ń dà á sídìí rẹ̀ lójoojúmọ́, á jẹ́ kí ewé wà.

Ewé tútù rẹ̀ dára ní tòótọ́: nínú 100 gíráàmù, purotéènì tó nǹkan bí gíráàmù 9, kálísíọ́mù tó mílígíráàmù 185, irin tó mílígíráàmù 4, fítámì A sì ju máíkírógíráàmù 300 tí ọmọ ọdún kan sí mẹ́ta nílò lójúmọ́ lọ. Kò gba sísè púpọ̀. Kò sì korò tó ewúro, ó kàn ń ta ahọ́n díẹ̀ ni.

Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ni rírẹ́ ewé. Ẹ di ọ̀pá ewé náà mú lórí, kí ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka kejì fà á wálẹ̀, àwọn ewé wẹ́wẹ́ á bọ́ sínú igbá. Ohun tó máa ń bá wọn já bọ́ ni àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n rí bí abẹ́rẹ́, wọn kì í sì í rọ̀ nínú iná. Ọ̀kan ṣoṣo tó bá há ọmọ lọ́fun, ọmọ á wúkọ́, á pọ̀ ọ́, ìyá á sì sọ pé ọmọ òun kò fẹ́ràn mòríńgà. Ọmọ fẹ́ràn rẹ̀. Igi inú rẹ̀ ni kò fẹ́. Ẹ ṣà wọ́n kúrò ní sùúrù.

Fún ìgbà ọ̀dá, a lè sá ewé yìí. Abẹ́ òrùlé, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí i, ni ibi tó yẹ ká sá a sí. Oòrùn gangan máa ń ba fítámì A rẹ̀ jẹ́. Nígbà tó bá ń ró ṣaṣa lọ́wọ́, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ rún un, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ dà á sínú ohun tó ní ìdérí, tí ìmọ́lẹ̀ kò lè wọ̀. Ewé tútù 100 gíráàmù kò ní mú ju nǹkan bí ìdámẹ́rin rẹ̀ wá lẹ́yìn gbígbẹ, torí náà ẹ ká a púpọ̀. Bí oúnjẹ ọmọ bá ti kúrò lórí iná ni kí ẹ tó pò ó mọ́ ọn. Gbòǹgbò àti èèpo gbòǹgbò rẹ̀ kì í ṣe jíjẹ: májèlé wà nínú wọn, aláboyún ní pàtàkì kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án.

Chaya

Bí líle nìkan ni a ń wá, chaya ló gba ipò kìíní. Ìran Maya ní Yucatán, ní Mẹ́síkò, ti ń jẹ ẹ́ tipẹ́tipẹ́. Igi kékeré tó ń dàgbà sókè ni, ewé rẹ̀ là bíi ti ìbẹ́pẹ, kòkòrò kì í sábà yọ ọ́ lẹ́nu, ọ̀dá kì í ṣe é bí ó ti ń ṣe ẹ̀fọ́ yòókù, ó sì lè wà lójú kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kì í sábà so èso, igi rẹ̀ ni a ń gé. Ẹ gé èyí tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 30, ẹ tẹ́ ẹ sí ibòji fún ọjọ́ mélòó kan kí oje funfun rẹ̀ gbẹ, lẹ́yìn náà ẹ rì í mọ́lẹ̀. Owó tó ń náni kò tó nǹkan. Aládùúgbò tó ní in á fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ló lọ́ra: gbòǹgbò rẹ̀ kì í tètè mú ilẹ̀, àwọn mìíràn kì í sì í ká a títí di ọdún kejì. Tó bá ti wá fẹsẹ̀ múlẹ̀, ẹ máa ká a, àmọ́ kó má ju ìdajì ewé rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan.

Ibi tó yẹ kí ẹ ti dúró kà dáadáa nìyí. Ewé chaya tútù ní èròjà tó ń di sáyánáìdì, májèlé líle kan, nínú. A kì í jẹ ẹ́ ní tútù, a kì í lọ̀ ọ́ mu, a kì í jẹ ẹ́ ní ààbọ̀ jíjinná. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ bọ̀ ọ́ fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán, kí ìdérí ìkòkò ṣí, kí èéfín rẹ̀ lè jáde, kí ẹ má sì tẹ orí bọ èéfín náà. Bí ọmọdé ni mo ń sè é fún, mo máa ń da omi rẹ̀ nù. Ìkìlọ̀ tún wà pé kí a má fi ìkòkò alumíníọ̀mù sè é. Àwọn kan nínú chaya ní irun tó ń jó ni bí iná. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ ká a, tàbí kí ẹ wá irú èyí tí kò nírun gbìn.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn rèé. Ara máa ń lo purotéènì, pàápàá èyí tí imí-ọjọ́ wà nínú rẹ̀, láti fi lé sáyánáìdì jáde. Ọmọ tí kò rí purotéènì jẹ, ohun ìjà ara rẹ̀ ti dín kù. Ọmọ tí a torí rẹ̀ gbin chaya gan-an ni ewu rẹ̀ lè tètè mú bí a kò bá sè é jinná. Ilé tí ọmọ ọdún mẹ́wàá ti ń dá oúnjẹ sè, tàbí tí igi ìdáná ti ń wọ́n, kì í ṣe ilé tí màá sọ pé kó fi chaya bẹ̀rẹ̀. Ilé tí àgbàlagbà ti ń dúró ti ìkòkò, ó yẹ wọ́n: ewé rẹ̀ rọ̀ lẹ́nu lẹ́yìn sísè, kò korò, purotéènì rẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ẹ̀fọ́ lọ, kò sì sí àsìkò tí a kì í bá a.

Tẹ̀tẹ̀

Tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́. Bí ọmọ bá nílò ewé láàárín oṣù yìí, kò sí èyí tó lè bá a díje. Láti ọjọ́ tí ẹ da kóró rẹ̀ sílẹ̀ sí ọjọ́ tí ẹ á gé e, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà ni. Kóró rẹ̀ kéré débi pé nínú gíráàmù kan, ó lé ní ẹgbẹ̀rún. Ẹ pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kí ẹ tó fọ́n ọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo rẹ̀ á hù pọ̀ sójú kan. Ẹ má fà á tu. Ẹ gé e, kí ẹ fi ìdí tó ní ojú sílẹ̀, á tún rú. Ẹ fi igi kan tàbí méjì sílẹ̀ kó so, irúgbìn ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn láìná kọ́bọ̀.

Ó máa ń fara da ooru, àmọ́ kì í fara da àìrómi mu. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, á sáré yọ òdòdó, ewé rẹ̀ á kéré, á le. Fún ìdí yìí, ẹni tí kànga tàbí ẹ̀rọ omi jìnnà sí kò gbọ́dọ̀ fi tẹ̀tẹ̀ nìkan ṣe ìgbẹ́kẹ̀lé. Kòkòrò tó ń ká ewé pọ̀ máa ń bá a jà gan-an. Ọwọ́ ni mo fi ń ṣà wọ́n ní òwúrọ̀. N kò lè fọ́n oògùn sórí ewé tí màá gé fún ọmọ lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ má sì rọ ajílẹ̀ òyìnbó lé e lórí láìníwọ̀n, torí náítíréètì lè pọ̀ nínú ewé rẹ̀, ìyẹn kò sì dára fún ọmọ ọwọ́.

Kálísíọ́mù rẹ̀ lórí ìwé, nǹkan bí mílígíráàmù 215 nínú 100 gíráàmù, ju ti mòríńgà lọ. Kí ẹ má jẹ̀ẹ́ kó tàn yín jẹ. Èròjà kan wà nínú tẹ̀tẹ̀, oxalate ni wọ́n ń pè é, tó máa ń so mọ́ kálísíọ́mù tí ara kò fi lè gbà á. Bíbọ̀ ọ́, kí a da omi rẹ̀ nù, máa ń dín in kù. Fítámì A rẹ̀ àti rírọ̀ rẹ̀ lẹ́nu ni mo fi fẹ́ràn rẹ̀. Ọmọ oṣù méje tí kò tíì léyín lè jẹ ẹ́ tí a bá ti gún un kúnná.

Ewé ọ̀dùnkún

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ka èyí kún ewé rárá. Wọ́n á wa ọ̀dùnkún, wọ́n á sọ ìtàkùn rẹ̀ fún ewúrẹ́. Ó dùn mí nígbàkigbà tí mo bá rí i. Lórí ìwé, irin rẹ̀ ló kéré jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bíi mílígíráàmù kan péré, purotéènì rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí gíráàmù méjì ààbọ̀ lọ. Síbẹ̀, òun nìkan ló ń fún ọmọ ní ewé láti òkè àti oúnjẹ agbára láti ìsàlẹ̀, lórí ilẹ̀ kan náà. Mo ti sọ̀rọ̀ nípa ikùn ọmọ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀dùnkún ló dáhùn ọ̀rọ̀ yẹn.

Ẹ wá irú èyí tí inú rẹ̀ pọ́n bí kárọ́ọ̀tì. Nǹkan bí 125 gíráàmù rẹ̀, ẹyọ kan tí kò tóbi jù, lè pèsè fítámì A tí ọmọ kékeré nílò fún odindi ọjọ́ kan. Iṣẹ́ lórí ọ̀dùnkún yìí ló jẹ́ kí Maria Andrade, Robert Mwanga àti Jan Low wà lára àwọn tó gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé, World Food Prize, ní ọdún 2016.

Ìtàkùn tó gùn tó ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà ni ẹ á rì mọ́lẹ̀. Á bo ilẹ̀, kò ní jẹ́ kí koríko hù, iṣẹ́ ìtọ́jú rẹ̀ sì kéré ju ti tẹ̀tẹ̀ lọ. Orí ìtàkùn, ibi tó rọ̀, ni kí ẹ máa já. Ẹ má já a jù, torí ewé tí a ń já ṣáá á máa dín ọ̀dùnkún inú ilẹ̀ kù. Èmi ya ebè kan sọ́tọ̀ fún ewé nìkan, mo sì fi yòókù sílẹ̀ kó ta.

Àléébù rẹ̀ ni pé ọ̀dá gígùn máa ń pa ìtàkùn, ẹni tí kò bá sì tọ́jú irúgbìn á wá a tì nígbà òjò. Ọ̀nà àbáyọ wà. Nígbà tí ẹ bá wa ọ̀dùnkún, ẹ ṣa àwọn kéékèèké tí kò lójú egbò, ẹ tò wọ́n sínú agbada tàbí garawa tó kún fún yanrìn gbígbẹ, kí wọ́n má fara kan ara wọn, ẹ gbé e sí ibòji. Tó bá ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kí òjò dé, ẹ kó wọn jáde sórí ebè kékeré tí ẹ lè máa bomi rin. Wọ́n á yọ ìtàkùn tó pọ̀ tó láti gbin gbogbo oko.

Àwọn mìíràn, ní ṣókí

Ewúro le bí irin, ṣùgbọ́n kíkorò rẹ̀ kò jẹ́ kí n fi ṣe ewé àkọ́kọ́ fún ọmọ tí ẹnu rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ adùn. Ewé ẹ̀gẹ́ ní purotéènì dáadáa, àmọ́ sáyánáìdì inú tirẹ̀ gba gígún àti sísè gígùn ju ti chaya lọ. Ibi tí wọn kò bá ti mọ̀ ọ́n sè láti ìran wọn, ẹ má fi ọmọ dánrawò. Ewé ẹ̀wà tó ṣì rọ̀ dára, ó sì ń sọ ilẹ̀ dọlọ́ràá. Bí ẹ bá ń gbin ẹ̀wà tẹ́lẹ̀, ẹ já díẹ̀ nínú rẹ̀.

Láti ọgbà dé ṣíbí

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, fítámì A inú ewé kì í wọ ara dáadáa láìsí ọ̀rá. Ṣíbí kékeré kan òróró tàbí epo nínú oúnjẹ ọmọ ṣe pàtàkì tó ewé fúnra rẹ̀. Irin inú ewé náà kì í tètè wọ ara. Oje ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ á ràn án lọ́wọ́, tíì á sì dí i lọ́wọ́, torí náà ẹ má fún ọmọ ní tíì pẹ̀lú oúnjẹ. Ẹ fọ ewé kí ẹ tó gé e. Láti oṣù mẹ́fà, gún un kúnná. Tó bá tó bí oṣù mẹ́sàn-án, gígé wẹ́wẹ́ ti tó. Bí ọmọ bá tutọ́ rẹ̀ dànù lónìí, ẹ dín in kù sí ìwọ̀n èékánná, kí ẹ tún fún un lọ́la.

Ta ni kó mú èwo?

Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ, tí omi jìnnà sí, tí ilẹ̀ náà kì í sì í dá omi dúró: mòríńgà ni. Igi mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ẹ gé mọ́ ìbàdí, ó tó ilé kan. Ẹ sá ewé rẹ̀ nígbà òjò fún ìgbà ọ̀dá.

Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ àbàtà, kó fi mòríńgà sílẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ àti ọ̀dùnkún lórí ebè gíga ni kó mú.

Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́fà, tí kò sì sí ewé kankan lọ́gbà: tẹ̀tẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Lọ́jọ́ kan náà, kó rì kóró mòríńgà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, torí nígbà tí omi bá wọ́n tẹ̀tẹ̀, igi náà á ti tó ká.

Ilé tí oúnjẹ fúnra rẹ̀ kì í tó, tí ọmọ ń jẹ lẹ́ẹ̀mejì tí ikùn kò sì kún, kò gbọ́dọ̀ fi ilẹ̀ kékeré tó ní gbin ewé nìkan. Ọ̀dùnkún tí inú rẹ̀ pọ́n bí kárọ́ọ̀tì ni kó gba ilẹ̀ tó pọ̀ jù, kí tẹ̀tẹ̀ gba etí rẹ̀.

Chaya wà fún ìdílé tó ti fìdí kalẹ̀ síbi kan, tí àgbàlagbà kan ń sè oúnjẹ, tí gbogbo ilé sì mọ̀ pé a kì í jẹ ẹ́ ní tútù. Ọgbà ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọdé ń sáré kiri, tí ọwọ́ wọn ń já ohun gbogbo sẹ́nu, kì í ṣe ibi rẹ̀.

Ẹni tí kò ní ilẹ̀ rárá, yàrá kan àti ojú fèrèsé ló ní, kó da ilẹ̀ ọlọ́ràá sínú àpò tàbí garawa tí a lu ihò sí nídìí, kó fọ́n tẹ̀tẹ̀ sínú méjì. Kó máa gé ọ̀kan lọ́sẹ̀ yìí, kí èkejì máa rú. Ẹ̀kúnwọ́ kan tí ó bá jáde níbẹ̀, ti ọmọ ni kó kọ́kọ́ jẹ́, kí àgbà tó fọwọ́ bọ̀ ọ́.